Eyín Ìbọn Ọdẹ́níyì

Kí ẹni tí ń jẹun jẹ ẹ́ tán ná, kí ẹni tí oorun ń kùn sì máa lọ sílé rẹ̀, nítorí ìtàn ẹ̀san kì í ṣe ohun tí à ń fi etí kan gbọ́. Èmi Ọdẹ́dìran, ọmọ ìlú Ìdó-Àpárá, ni mo ń sọ̀rọ̀. Ewú kò tíì hù lórí mi, ṣùgbọ́n igbó kì í béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ ọdẹ. Ohun tí ó bá fẹ́ fi hàn án ni ó ń fi hàn án. Mo ti bá ẹkùn mu omi odò kan náà, èmi lápá òkè, òun lápá ìsàlẹ̀, a wo ara wa lójú, oníkálukú sì bá tirẹ̀ lọ. Mo ti sùn lórí igi tí erè ká ara rẹ̀ sí nídìí, mo sì hanrun. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí ojú mi ti rí, kò sí èyí tí ó bí mi nínú tó ènìyàn, nítorí ẹranko tí ó bá fẹ́ pa ọ́ kì í kọ́kọ́ súre fún ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, Ọdẹ́níyì, ni ó ni ìbọn tí gbogbo ọdẹ ìlú wa ń wò tìlara-tìlara. Ìbọn tàwa yòókù, igi kan ṣoṣo ni a fi gbẹ́ ìdí rẹ̀. Ìdí tirẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde. Ahọ́n igi kan ni ó wọ inú àkọ̀ irin, a lè fà á gùn fún ẹni tí apá rẹ̀ gùn, a sì lè tì í kúrú fún ẹni tí apá rẹ̀ kúrú. Irin ṣóńṣó kan tí kò ju ìka ọmọdé lọ ni ó ń la ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ já, tí ó ń mú un dúró gbọn-in ní ibi tí a bá fẹ́. Eyín ni à ń pe irin náà, nítorí bí kò bá sí níbẹ̀, ìdí ìbọn a máa mì bí àgbọ̀n arúgbó tí ń jẹ àgbàdo sísun, ọta a sì máa lọ sí ibi tí ojú kò rán an. Apá ẹ̀gbọ́n mi gùn. Bí ó bá fa ìdí ìbọn yẹn jáde tí ó sì gbé e lé èjìká, ẹran tí ó bá wò ti di ọbẹ̀.

Àṣà kan wà ní ìlú wa tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Bí ọdún Ògún bá ku ọ̀la, gbogbo ọdẹ a kó ìbọn wọn sí ojúbọ, wọn a fi màrìwò bò wọ́n, wọn a sì lọ sílé. Olúọdẹ nìkan ni ó ń ṣọ́ wọn títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Nígbà tí kálukú bá gba tirẹ̀ lọ́wọ́ Olúọdẹ láàárọ̀, tòun tìre, èèwọ̀ ni kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, èèwọ̀ ni kí ó mì í. Ojú ẹran ni ìbọn náà ti gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dún. Wọ́n ní ẹni tí ó bá yẹ ìbọn wò lẹ́yìn tí ó ti sùn ti Ògún, Ògún ni ó pè lólè. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó, mo bẹ̀ yín, ẹ dá mi lóhùn. Ẹ̀mí ènìyàn rọ̀ mọ́ ìdí ìbọn, ẹ sì ní kí ènìyàn má wo ìdí ìbọn. Ṣé Ògún tí ó ni irin ni kò mọ̀ pé irin a máa yẹ̀? Kò sí ẹni tí ó bi wọ́n, kò sì sí ẹni tí ó dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń sin òkú.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ọdún Ògún ni Ọdẹ́níyì wọ Igbó Àìlóhùn lọ lépa ẹfọ̀n. Àwa tí a wá a lọ, òkú rẹ̀ ni a bá. Ẹfọ̀n ti gún un láyà, ìbọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti yìn ín, ọta náà sì wà lára igi kan lókè fíofío bí ẹni pé ẹyẹ ni ó ń yìn. Olúọdẹ wa, Ògúnmọ́dẹdé, mi orí. Ó ní ọwọ́ òun ni òun fi fún un ní ìbọn náà, ó ní kò sí ohun tí ó ṣe ìbọn, ọwọ́ tí ó gbá a mú ni ó gbọ̀n. Ó ní ojo ni ẹ̀gbọ́n mi, pé a kì í sì í ṣe ìṣípà fún ojo. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ ọdẹ, ìṣípà ni ètùtù tí a fi ń tú ọdẹ tí ó kú sílẹ̀ kúrò lọ́wọ́ igbó. Bí a kò bá ṣe é, ẹ̀mí rẹ̀ a máa dúró létí igbó bí àlejò tí wọn kò ṣílẹ̀kùn fún. Olúọdẹ ní kí wọ́n fi màrìwò di ìbọn náà, kí wọ́n so ó mọ́ àjà yàrá olóògbé, kí ẹnikẹ́ni má sì tú u. Ó wá súre fún àwọn ọmọ òrukàn. Mo gbọ́ ìre náà pẹ̀lú etí mi, gbogbo wa sì ṣe àmín.

Ìyàwó wa, Àwẹ̀ró, opó Ọdẹ́níyì, kò sunkún mọ́ nígbà tí mo lọ bá a. Ó ti gun orí àpótí, ó ti já ìbọn náà sílẹ̀ láti àjà, ó sì ti fi màrìwò mìíràn di ọmọ odó kan sí ipò rẹ̀ kí ẹni tí ó bá yọjú má baà fura. Ó na ìbọn náà sí mi. Ó ní, “Ọkọ mi, wọ́n ń pe àwọn ọmọ mi ní ọmọ ojo lójú odò. Ẹ lọ wádìí ohun tí ó pa bàbá wọn. Bí ẹ bá rí i, tí ẹ kò sì gbẹ̀san, ẹ má padà wá kí mi.” Mo kó ẹtù sínú ìwo, mo kó ọta sínú àpò, mo sì gba ọ̀nà igbó lọ.

N kò ní í sọ fún yín bí mo ṣe rìn àti ohun tí mo jẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ti ẹ̀bà gbígbẹ kí ó lọ bá àwọn aláàárù. Igbó Àìlóhùn rí bí orúkọ rẹ̀. Ẹyẹ ń la ẹnu, a kò gbọ́ igbe. Odò ń ṣubú láti orí àpáta, ó dàbí ìgbà tí òwú ń já bọ́ sórí ẹní. Ní ẹnu ibodè rẹ̀ ni mo ti bá ẹ̀dá kan tí ó jókòó sórí gbòǹgbò, etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ bí ewé kókò, ó ká ọ̀kan mọ́ orí bí ẹni tí ó bo aṣọ. Elétí-Ewé ni orúkọ rẹ̀. Gbogbo ìró igbó yẹn, inú etí rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ lọ, òun ni ó fà á tí igbó fi yadi. Ó ní n kò lè kọjá àfi bí mo bá fún òun ní ìró kan nínú àwọn ìró ara mi, èyí tí n kò ní í ní mọ́ títí láé. Mo bi í pé kí ni yóò fún èmi náà. Ó ní òun yóò sọ ohun tí òun gbọ́ ní ọjọ́ ikú ẹ̀gbọ́n mi. Mo rò ó. Ohùn kò ṣe é fi sílẹ̀, ikọ́ sì ń gba ènìyàn lọ́wọ́ gbígbẹ ọ̀nà ọ̀fun. Mo fún un ní sùfèé mi. Láti ọjọ́ náà títí di òní, bí mo bá ká ètè jọ, afẹ́fẹ́ lásán ni. Ajá mi kò mọ̀ mí mọ́.

Elétí-Ewé wá tẹ́ etí rẹ̀ kejì sílẹ̀, ó ní, “Ìbọn ọdẹ mìíràn a máa sọ pé gbòà. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ kọ́kọ́ sọ pé kẹ́rẹ́, kí ó tó sọ pé gbòà. Ìbọn tí ó bá sọ kẹ́rẹ́ kí ó tó sọ gbòà, ẹjọ́ ni ó ń rò.”

Mo ní kí ó túmọ̀ rẹ̀. Ó ní etí ni òun ní, òun kò ní ọpọlọ tí òun yóò yá mi.

Bí mo ti wọ inú igbó lọ ni ẹfọ̀n náà jáde sí mi. Ẹ má rò pé ó wá láti ọ̀nà jíjìn. Igbó tí kò ní ìró, ẹranko rẹ̀ a máa dé kí ènìyàn tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Mo gbé ìbọn lé èjìká, mo fojú sun agbárí rẹ̀, mo fa ìka. Kẹ́rẹ́. Ìdí ìbọn sún sẹ́yìn, ó sì yí sápá kan, ẹnu ìbọn gbójú sókè, ọta lọ bá ewé. Ìdí ìbọn náà gbá mi ní àgbọ̀n, eyín ẹnu mi kan fò jáde. Bí mo ṣe dé orí igi ahùn, ẹ má bi mí, ẹsẹ̀ mi ni ó mọ̀ ọ́n. Ẹfọ̀n kan igi náà títí èèpo fi ń bọ́, ó wò mí, ó fọn imú, ó sì lọ jẹ koríko. N kò bínú sí i. Ẹranko ni, iṣẹ́ ẹranko ni ó ṣe.

Lórí igi yẹn ni mo ti ṣe èèwọ̀ ìlú wa: mo yẹ ìdí ìbọn wò. Irin tí ó bá kán a máa fi kùkùté sílẹ̀ nínú ihò. Irin tí ó bá jẹrà yọ a máa fi ìpẹtà sílẹ̀. Ihò yìí mọ́ tónítóní. Ìda oyin ni ó wà ní ojú rẹ̀, ẹnì kan ti fi èédú kùn ún kí ó lè dàbí orí irin. Ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe pé eyín ìbọn ẹ̀gbọ́n mi bọ́. Wọ́n yọ ọ́ ni, wọ́n sì fi sùúrù kun àpá rẹ̀. Mo tún ìbọn kì, nǹkan kan nínú mi sì ti le bí òkúta láti ìgbà náà, kò sì tíì rọ̀.

Bí mo ti sọ̀kalẹ̀ ni mo gbọ́ ìró, ìró àkọ́kọ́ nínú igbó náà tí kò ti ọwọ́ mi wá, ó ń dún wọ̀nrànwọnran bí àpò tí ó kún fún kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀dá kan ni ó ń bọ̀, ó ga bí òkìtì ọ̀gán, ikùn rẹ̀ wú bí ikòkò aró, bí ó bá sì mí, irin á kọlu irin nínú rẹ̀. Ajẹrin ni. Àwọn bàbá wa ti sọ nípa rẹ̀ pé òórùn ìbọn ni ó ń tọ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní ẹ kú ọdẹ, ó ní ìbọn mi kò ní eyín, òun yóò jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ òkèlè láìsí eegun. Mo ní, “Bàbá, ṣé ẹ ti jẹ eyín rẹ̀ rí ni ẹ fi mọ̀ pé kò sí níbẹ̀?” Ó fọwọ́ pa ikùn. Ó ní eyín yẹn dùn, epo ẹran ni wọ́n fi ra á kí ó tó dé ọ̀dọ̀ òun. Mo bi í pé ta ni ó gbé e wá. Ó ní òun ti bá ọ̀rẹ́ òun mulẹ̀ pé òun kò ní í dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀dá kankan, pé ilẹ̀ sì ń jẹ ẹni tí ó bá dalẹ̀. Ó wá fojú sí ìbọn mi, ó tẹnu lá, ó ní, “Ṣùgbọ́n àlọ́ pípa kì í ṣe orúkọ dídá. Bí o bá mọ àlọ́ mi, n ó jẹ ìbọn nìkan, n ó fi ọ́ sílẹ̀. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, mo jẹ irin ọ̀bẹ rẹ, mo jẹ òrùka ọwọ́ rẹ, mo sì jẹ irin tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ.”

Mo ní kí ó pa á.

“Kí ni a gbé sùn lẹ́sẹ̀ òrìṣà, tí gbogbo eyín rẹ̀ pé, tí ó jí láàárọ̀ tí ó di akáhín?”

Mo ní, “Ìbọn.”

“Àwọn alágùntàn kó àgùntàn wọn jọ, wọ́n ní kí ẹnì kan máa ṣọ́ wọn. Ìkookò kò wá, síbẹ̀ àgùntàn kan dín. Ta ni kí a lọ bá?”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo rí ọwọ́ Ògúnmọ́dẹdé bí ó ti ń na ìbọn fún ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀ ọdún, mo gbọ́ bí ó ti ń súre. Mo rántí pé láti ìgbà tí ó ti joyè, kò wọgbó kan rí kí ó má pa ẹran, tí ẹran sì ń tọ̀ ọ́ wá bí ẹni pé wọ́n rán wọn sí i. Mo rántí àwọn ọdẹ mìíràn tí wọ́n ti kú lẹ́yìn ọdún Ògún, tí òun náà sì pè ní ojo, tí a kò ṣe ìṣípà fún. Mo ní, “Ẹni tí ń ṣọ́ wọn.” Ajẹrin pàtẹ́wọ́. Ó ní ọgbọ́n wà lórí mi, pé lọ́dọọdún ni ọ̀rẹ́ òun ń yọ irin kan lára ìbọn ọdẹ wá, eyín ni ti ọdún yìí, tí òun sì ń fi ẹran san án. Ó ní ó ń bọ̀ láìpẹ́. Ó wá na ọwọ́ sí ìbọn.

Ẹni tí inú bá ń bí gbọ́dọ̀ wá ibi tútù fi ọgbọ́n rẹ̀ sí. Mo ní, “Bàbá, ẹ ó ha jẹ akáhín bí? Ẹ jẹ́ kí n fi eyín sí i lẹ́nu, kí oúnjẹ yín lè pé.” Ojúkòkòrò kì í jẹ́ kí aláìgbọ́n rí ihò níwájú. Ó jókòó, ó ní kí n ṣe é kíá. N kò ṣe é kíá. Mo fọ ìda kúrò nínú ihò, mo fi iyanrìn bọ́ inú àkọ̀ náà títí tí ó fi dán. Mo fa ahọ́n igi rẹ̀ jáde, mo rí i pé ó ti jó, kò kún àkọ̀ mọ́, nítorí náà mo gé awọ tútù ti ẹtu tí tàkúté mi mú lọ́nà ní pẹ́lẹ́bẹ́, mo fi wé e yípo, mo sì tì í padà tipátipá. Mo gé ṣóńṣó orí ìwo ẹtù mi, mo fi ọ̀bẹ há a díẹ̀díẹ̀, mò ń dán an wò lójú ihò, títí tí ó fi jẹ́ pé òkúta ni mo fi gbá a wọlé. Mo fi awọ yòókù dì í láti òkè, mo fi àtè kùn ún, mo sì yá a síná tí kò le, nítorí awọ tútù tí ó bá ń gbẹ a máa fún bí ẹni ń di mọ́ ọmọ rẹ̀. Ajẹrin ń sún mọ́ mi, itọ́ rẹ̀ tí ó jẹ́ ìpẹtà ń kán sílẹ̀. Mo di ẹnu ìbọn mú, mo mì í. Kò sọ kẹ́rẹ́.

Ó ní, “Ó ti pé?”

Mo ní, “Ó pé, ṣùgbọ́n ìwo ni eyín rẹ̀, ẹ kì í sì í jẹ ìwo.” Mo gbé e lé èjìká, mo yin orúnkún rẹ̀. Ìbọn sọ gbòà, gbòà nìkan. Ó wó bí ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ, ìró irin inú rẹ̀ sì kún igbó. Ǹ bá lè pa á. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó bi mí pé ta ni yóò máa bọ́ òun báyìí tí òun kò lè rìn. Mo ní kí ó ní sùúrù, pé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bọ̀. Ìdí tí mo fi dá ẹ̀mí rẹ̀ sí nìyẹn. Ẹ má pè é ní àánú.

Mo délé, mo fi màrìwò di ìbọn náà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, Àwẹ̀ró sì yọ ọmọ odó kúrò lájà. Òfin àtijọ́ kan wà tí Olúọdẹ ti ń dọ́gbọ́n sá fún: bí a bá dá ọdẹ lẹ́bi ojo, ẹni tí ó dá a lẹ́bi ni yóò yin ìbọn rẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́, kí ojo má baà bá ìbọn lọ sílé ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ ìpàdé, ní ọ̀sán gangan, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní ìdílé wa gba ẹ̀bi, kí bàbá wa Olúọdẹ kàn bá wa yin ìbọn náà, kí ọ̀rọ̀ tán. A ti gbé igbá sórí kùkùté ọ̀pẹ.

Ògúnmọ́dẹdé ní èjìká ń dun òun. Àwọn ọdẹ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan bi í pé ṣé èjìká tí ó ru odidi ìmàdò wálé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Ó ní oòrùn ń pa òun lójú. Òmíràn ní igbá kò lè sáré, kí Olúọdẹ má mikàn. Ó ní kí èmi yìn ín. Mo ní èmi kọ́ ni mo pe òkú lójo. Mo na ìbọn náà sí i, pẹ̀lú màrìwò lára rẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n na paramọ́lẹ̀ sí. Ẹ̀rín wá pọ̀ jù fún un, ìbínú gbà á, ó ní, “Ẹ fẹ́ kí ìdí rẹ̀ yọ kí ó fọ́ mi lẹ́nu ni?”

Ẹ̀rín dákẹ́. Bàbá Fátúnàṣẹ, tí í ṣe Ọ̀tún Ọdẹ, dìde jẹ́ẹ́jẹ́ lórí àpótí rẹ̀. Ó ní, “Olúọdẹ, ìwọ ni o fún ọmọ yẹn ní ìbọn yìí, ìwọ ni o ní kò sí ohun tí ó ṣe é. Màrìwò tí o ní kí a fi dì í ló ṣì wà lára rẹ̀. Ta ni ó sọ fún ọ pé ìdí rẹ̀ ń yọ?”

Mo tú màrìwò, mo fi eyín ìwo náà han àgbà, mo sì ro ohun tí mo bá nínú ihò àti ohun tí Ajẹrin wí. Mo gbé ìbọn lé èjìká, mo yin igbá, ó fọ́ yángá. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ àwọn ọdẹ tí ó ti kú bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́kọ̀ọ̀kan láàárín èrò, wọ́n kàn ń wo Olúọdẹ.

Wọ́n ṣe ìṣípà Ọdẹ́níyì ní ọjọ́ náà gan-an. A di ẹrù rẹ̀, ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, àpò rẹ̀, fìlà rẹ̀. Ẹrù ìṣípà, inú igbó tí ọdẹ ti kú ni a ń gbé e lọ, ẹni tí ó bá sì sún mọ́ òkú jù ni ó ń rù ú. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, Ọ̀tún dá mi dúró. Ó ní, “Ìwọ sún mọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tí ó sún mọ́ ikú rẹ̀ jù ni kí ó rù ú.” Wọ́n gbé ẹrù náà lé Ògúnmọ́dẹdé lórí. Ó bẹ̀ wá lójú ọ̀nà. Ó dárúkọ bàbá mi, ó dárúkọ gbogbo ẹran tí ó ti pín fún wa jẹ. Mo tẹ̀lé e lẹ́yìn, ìbọn ń bẹ léjìká mi, gbogbo ẹgbẹ́ sì tẹ̀lé mi, títí a fi dé ẹnu Igbó Àìlóhùn.

A dúró síbẹ̀. Láti inú lọ́hùn-ún, ìró irin dún wọ̀nrànwọnran, ohùn kan sì pè jáde pẹ̀lú ìfẹ́, bí ẹni tí ó ti ń retí àlejò láti àná, “Ògúnmọ́dẹdé ọ̀rẹ́ mi, oúnjẹ mi dà?”

Ó yíjú padà. Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá èyí tí yóò pè é padà. Àwọn kan ti sọ fún mi láti ìgbà náà pé ó yẹ kí n dárí jì í níbẹ̀, pé àgbà ni, pé ọmọdé kì í bá àgbà ṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ wọn. Wọn kò wẹ ẹ̀jẹ̀ kúrò láyà ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbé ìbọn sókè, n kò na án sí i, ojú ọ̀nà ilé ni mo na án sí, kí ó lè mọ̀ pé ọ̀nà yẹn ti dí. Ó gbé ẹsẹ̀, ó wọlé pẹ̀lú ẹrù lórí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bi mí bóyá ó jáde, n kò dúró wò ó. Mo padà sílé lọ kí ìyàwó wa, ó sì gbé àga fún mi.